Kasínò àti òkè ńlá nínú ìsinmi kan náà: ṣé Colorado á gbà wá?

ArìnKáyé
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àtijọ́. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ lo ìsinmi wa ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kẹsàn-án. Òkè ló ń wu òun: ó fẹ́ rí àwọn òkè Rocky, ó fẹ́ ya fọ́tò ewé tó máa ti pọ́n nígbà yẹn, ó fẹ́ rí ẹranko. Èmi ní tèmi, káàdì ni mo fẹ́ràn, blackjack ní pàtàkì, mo sì gbọ́ pé àwọn ìlú kan wà lórí òkè níbẹ̀ tí kasínò kún inú wọn fọ́fọ́. Ṣé a lè pa méjèèjì pọ̀ kí ẹnì kankan má bínú padà sílé? Ibo ni ká dé sí, Black Hawk tàbí Cripple Creek? A máa háyà mọ́tò. Owó tẹ́tẹ́ ti wà lọ́tọ̀, ìyàwó sì ti fọwọ́ sí i (lẹ́yìn àlàyé rẹpẹtẹ).

Kòlówótẹ́tẹ́
Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ẹ mú ìyàwó yín lọ wo òkè, ẹ fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

ArìnKáyé
Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dáhùn 😄

ArókèGùn
Ẹ̀gbọ́n Kòlówótẹ́tẹ́, inú ihò kan náà ni eku méjèèjì wà lọ́tẹ̀ yìí o.

Tí a bá yọ kasínò àwọn ẹ̀yà Ute tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn kúrò, ìlú mẹ́ta péré ni òfin gbà láyè láti ní kasínò ní Colorado: Black Hawk, Central City àti Cripple Creek. Orí òkè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, iṣẹ́ góòlù ló sì dá wọn sílẹ̀. Ọdún 1859 ni wọ́n rí góòlù ní àfonífojì tí Black Hawk àti Central City wà. Ti Cripple Creek di 1890. Nígbà tí iṣẹ́ náà rẹlẹ̀, àwọn èèyàn kó lọ, ilé ń wó. Ni àwọn ará Colorado bá dìbò ní 1990 pé kí tẹ́tẹ́ wọ àwọn ìlú yẹn, kí owó lè wà láti fi tún wọn ṣe. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1991 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Títí di òní, apá kan nínú owó orí tí àwọn kasínò ń san ń lọ sí àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ibi ìtàn káàkiri ìpínlẹ̀ náà.

ArìnKáyé, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kasínò á tẹ̀ lé e. Bí ìyàwó yín bá fẹ́ Rocky Mountain National Park, ọgbà orílẹ̀-èdè tó wà lórí òkè Rocky, apá Black Hawk ni tiyín. Bó bá jẹ́ òkè Pikes Peak, Cripple Creek ni. Ó ju wákàtí méjì lọ nínú mọ́tò láti ọ̀kan dé èkejì, ẹ má jẹ́ kí máàpù tàn yín. Mo ti rí àwọn tó ní àwọn máa ṣe méjèèjì. Inú mọ́tò ni wọ́n ti rí òkè.

LálàLókè
Kí ló dé tẹ́ ò lọ sí Lake Tahoe? Òkè wà, adágún omi wà níwájú yín, kasínò wà létí omi. Ààlà California àti Nevada gba àárín ìlú kọjá. Ẹ dá ẹsẹ̀ kan sí Nevada, ẹ ti wà nínú kasínò. Ọkọ̀ orí okùn tó ń gbé èèyàn lọ sókè òkè Heavenly kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ArókèGùn
Tahoe dára, mi ò ní parọ́. Fún ẹni tí kò fẹ́ wa mọ́tò kiri, òun ló rọrùn jù, torí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Ṣùgbọ́n ewé àti ẹranko ni ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ rí.

Àlàó_Kọ́ńsọ́nù
Genting Highlands ní Malaysia náà ń bẹ, kasínò lórí òkè, ọkọ̀ orí okùn ló ń gbéni dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé wọn kì í gba Mùsùlùmí wọ inú kasínò yẹn.

ArìnKáyé
Ẹ ṣé gan-an. Colorado la ti sanwó bàálù rẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÀgbà
Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti afẹ́fẹ́, torí òun ló ń ba irú ìrìn àjò yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Denver fi nǹkan bí mítà 1,600 ga ju òkun lọ. Black Hawk sún mọ́ 2,450. Cripple Creek jẹ́ 2,894. Láti nǹkan bí 2,500 lọ sókè ni àìsàn orí òkè ti ń mú èèyàn: ẹ̀fọ́rí, ìríra oúnjẹ, èébì, oorun tí kò já geere, kéèyàn gun àtẹ̀gùn díẹ̀ kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kò mọ ọ̀dọ́, kò mọ alágbára. Ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́ nílé lè dùbúlẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà ń rìn fàlàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí kasínò ń ṣe sí ara. Èèyàn á jókòó di aago mẹ́ta òru, á máa mu ọtí, kò ní rántí omi, kò ní sùn. Omi àti oorun yẹn gan-an ni ara nílò kó lè bá orí òkè mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí ẹ gbéra lọ sórí Pikes Peak ní mítà 4,302, oxygen tó wà nínú èémí kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun lọ. Ara tí kò sùn kò lè gbé ìyẹn.

Torí náà: ẹ sùn ní Denver ní alẹ́ àkọ́kọ́. Omi lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọtí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ó kéré tán. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, àti aláboyún, kó rí dókítà kó tó kúrò nílé; oògùn kan wà tó ń jẹ́ acetazolamide tí dókítà lè kọ fún ẹni tó bá yẹ. Bí ẹ̀fọ́rí bá le gan-an, tí èèyàn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má ní kó sùn kílẹ̀ mọ́ o. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá dókítà.

Kòlówótẹ́tẹ́
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Kò tíì pàdánù kọ́bọ̀, ó ti ń pàdánù èémí.

Onímọ̀Káàdì
😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ó ku èmi.

ArìnKáyé, ẹ gbọ́ ti tábìlì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1991, dọ́là márùn-ún ni èèyàn lè ta mọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù keje 2009 ó di ọgọ́rùn-ún dọ́là, wọ́n fi roulette (tẹ́tẹ́ àgbá tó ń yí) àti craps (tẹ́tẹ́ ọmọ ayò dice) kún un, wọ́n sì gbà kí ilẹ̀kùn máa ṣí tọ̀sán-tòru. Láti oṣù karùn-ún 2021 ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mú òdiwọ̀n owó náà kúrò. Ìyẹn ni pé kò sí òfin tó máa dá yín dúró mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá ara yín dúró.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tábìlì: 3 to 2 ni àbí 6 to 5? Ká ní ẹ fi dọ́là mẹ́wàá ta, blackjack (ace pẹ̀lú káàdì tó jẹ́ mẹ́wàá) sì bọ́ sí yín lọ́wọ́. Tábìlì 3 to 2 á san dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 6 to 5 á san méjìlá. Dọ́là mẹ́ta yẹn ló ń fi nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún kún èrè ilé (ìyẹn ohun tí kasínò ń mú) lórí gbogbo owó tí ẹ bá fi ta, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ blackjack ta dáadáa lórí 3 to 2, èrè ilé lórí rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì sí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tábìlì tí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré ni wọ́n sábà máa ń fi 6 to 5 sí, kó lè máa wu èèyàn nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Roulette olódo méjì, 5.26 nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé ń mú. Ní ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, òfin ibẹ̀ ní kó má dá ohun tó kéré sí ọgọ́rin padà nínú ọgọ́rùn-ún bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ kan tó kọ tirẹ̀ síwájú orí kẹ́ ẹ kà á.

Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí dé ọjọ́ Àìkú, owó ìbẹ̀rẹ̀ ń lọ sókè, yàrá ń wọ́n, àyè ìgbọ́kọ̀sí ń kún. Ẹ fi ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ sí ìlú kasínò, kẹ́ ẹ lo òpin ọ̀sẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ ta. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, kódà kí irun yín ti funfun. Wọn kì í mu sìgá nínú kasínò Colorado láti 2008, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ń wá èémí.

Akọ̀wéOwó
Mo fẹ́ fi kinní kan kún un. Bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí ẹ kò sì ń gbé níbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ń yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí ẹ bá jẹ nídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Blackjack, baccarat, craps àti roulette kò sí lábẹ́ òfin yẹn fún àlejò. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà tó lè yí ọ̀rọ̀ náà padà, torí náà ẹ wo ti orílẹ̀-èdè yín. Èyí tó fẹ́ràn káàdì ti bọ́ nínú ẹ̀.

ArìnKáyé
Háà! Ẹ gbọ́ o, ìyàwó mi. Káàdì ni ọlọ́gbọ́n ń ta.

ÌyáOnímọ́tò
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà apá Black Hawk, torí òun ni mo mọ̀ dunjú.

Láti Denver, ẹ lè gba ọ̀nà 6 tó gba inú àfonífojì Clear Creek. Ó rẹwà, àpáta ga lọ́tùn-ún lósì, omi ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àmọ́ kọ́nà rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ́nà, kó gba òpópónà ńlá I-70 kó fi yà sí Central City Parkway tí wọ́n ṣí ní 2004.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Peak to Peak ni kẹ́ ẹ gbà lọ sí Estes Park, ìlú tó wà lẹ́nu ọgbà orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 1918 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 88. Ẹ má ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní oṣù kẹsàn-án, igi aspen máa ń pọ́n bí góòlù ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀pá tó so ewé rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó kéré jù lọ ló ń mú un gbọ̀n. Ẹ dá mọ́tò dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàràṣàrà. Ní ìtòsí Allenspark ni ṣọ́ọ̀ṣì òkúta kékeré kan wà lórí àpáta, tí òkè Meeker dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò.

Nínú ọgbà orílẹ̀-èdè náà, oṣù kẹsàn-án ni àwọn elk, àgbọ̀nrín ńlá wọ̀nyẹn, ń wá ìyàwó. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, akọ á na ọrùn, á ya ẹnu, ìró tó máa jáde kò bá ara rẹ̀ mu rárá: fèrè tó ń lọ sókè tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ló máa wá kùn. Ẹ má sún mọ́ ọn. Akọ ní àsìkò yẹn ti kọlu mọ́tò rí, ká má tíì sọ èèyàn.

Trail Ridge Road ló gba orí òkè kọjá, mítà 3,713 ni ibi tó ga jù níbẹ̀. Bí yìnyín bá tètè bọ́, wọ́n lè tì í fún ọjọ́ díẹ̀ kódà nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ tún ṣàkíyèsí èyí: ní 2024 àti 2025, láti ìparí oṣù karùn-ún títí di àárín oṣù kẹwàá, ẹni tó bá fẹ́ wọlé láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọ̀nà Bear Lake tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Ẹ wo ti ọdún tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra.

Abẹ̀kẹ́_Alẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwa tí a kì í ta tẹ́tẹ́, torí ọkùnrin ló pọ̀ níbí, ẹ sì ti gbàgbé ẹni tó ń dúró.

Black Hawk kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń rìn kiri nínú rẹ̀ lálẹ́. Àfonífojì tóóró ni, òtẹ́ẹ̀lì gíga dí i pa, ilé ìgbọ́kọ̀sí ló tẹ̀ lé e, àpáta ló tẹ̀ lé ìyẹn. Bí ọkọ bá ti jókòó sí tábìlì, ìyàwó ní yàrá, ibi ìjẹun, ibi ìwẹ̀ àti ìfọwọ́ra. Ìyẹn tó fún alẹ́ kan. Ní alẹ́ kejì ẹ máa gbọ́ ẹjọ́. Central City tó wà lókè rẹ̀ sàn díẹ̀, ilé àtijọ́ ṣì dúró, ilé orin opera wọn tí wọ́n kọ́ ní 1878 ṣì wà, àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọrin níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ó ti parí.

Ní tèmi, ẹ dé sí Estes Park, kí ọkọ yín wá sọ̀kalẹ̀ lọ ta tẹ́tẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ kan.

ÌyáOnímọ́tò
Abẹ̀kẹ́, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n èyí ni mi ò fara mọ́. Kó wa Peak to Peak padà ní òru, lẹ́yìn tó ti jókòó sídìí káàdì láti ìrọ̀lẹ́? Kò síná lójú ọ̀nà, kọ́nà ń tẹ̀ lé kọ́nà, elk àti àgbọ̀nrín dúró láàárín títì bí ẹni tó ni ín. Ibi tó bá ti ta ni kó sùn.

Onímọ̀Káàdì
Mo wà lẹ́yìn ÌyáOnímọ́tò. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa wa mọ́tò padà kì í ta dáadáa, aago ni á máa wò.

Abẹ̀kẹ́_Alẹ́
Kó kúkú máa wo aago náà. Kí ló burú níbẹ̀?

OríÒkèNiTèmi
Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ni ìyàwó náà. Ó ní kí n wá ka ohun tí ẹ kọ, mo sì ti kà á láti òkè délẹ̀.

Ẹnì kan ò sọ bí Cripple Creek ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi béèrè méjèèjì. Mo gbọ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rìn láàárín ìlú níbẹ̀, mo sì gbọ́ pé rélùwéè kan ń gun Pikes Peak dé góńgó. Òótọ́ ni?

ArókèGùn
Ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa. Òótọ́ ni méjèèjì.

Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, wọ́n ní àtọmọdọ́mọ àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ nínú ihò góòlù ni wọ́n. Láti nǹkan bí àárín oṣù karùn-ún di àárín oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ láàárín ìlú. Wọ́n á dúró gbagidi síwájú mọ́tò, wọ́n á ti imú bọ ojú fèrèsé láti wo ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹni tó bá ń fun fèrè sí wọn ń dààmú ara rẹ̀ ni.

Iná jó ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kẹrin 1896, bíríkì ni wọ́n fi tún un kọ́, inú àwọn ilé bíríkì yẹn ní Bennett Avenue ni púpọ̀ nínú àwọn kasínò wà. Nítorí náà, Abẹ̀kẹ́, níbí, ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ lè rìn láti òkè títì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó wo ṣọ́ọ̀bù, kó wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kó padà wá wo ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Rélùwéè kékeré kan tó ń lo ooru omi tún wà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ihò góòlù àtijọ́ lọ sí apá ìlú Victor. Góòlù ṣì ń jáde lágbègbè náà o, wọ́n ti la òkè kan sílẹ̀ gbayawu.

Ní ọ̀nà ibẹ̀, ẹ yà ní Florissant. Kùkùté igi redwood tó ti di òkúta ló wà níbẹ̀, ó ti tó mílíọ̀nù 34 ọdún. Ọ̀nà 67 láti Divide wá sí Cripple Creek náà kún fún aspen, ẹ kò ní pàdánù ewé.

Rélùwéè Pikes Peak ní eyín irin lábẹ́ tó fi ń di ojú irin mú. Manitou Springs ló ti ń gbéra, ọdún 1891 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un kọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2021. Láti Cripple Creek dé Manitou tó nǹkan bíi wákàtí kan. Bí ẹ bá fẹ́ wa mọ́tò gùn ún fúnra yín, ọ̀nà kan wà láti Cascade, nǹkan bí kìlómítà 30. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi gíà kékeré wa, ẹ má máa tẹ bíréèkì ṣáá. Òṣìṣẹ́ kan wà lágbedeméjì tó ń na ẹ̀rọ ìwọn ooru sí táyà yín. Bí bíréèkì bá ti gbóná jù, ẹ̀gbẹ́ títì lẹ máa jókòó sí títí á fi tutù.

OríÒkèNiTèmi
Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Cripple Creek.

ArìnKáyé
Ẹ dúró ná! Elk ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ rí ẹranko.

OríÒkèNiTèmi
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í ṣe ẹranko ni?

ArìnKáyé
Onímọ̀Káàdì, ẹ gbà mí. Ṣé tábìlì blackjack wà níbẹ̀?

Onímọ̀Káàdì
Ó wà, àmọ́ kò pọ̀ tó ti Black Hawk. Kasínò ibẹ̀ kéré, ẹ̀rọ ló kún inú wọn, tábìlì míì sì wà tí kì í ṣí títí ìrọ̀lẹ́ fi dé, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó san owó yàrá, ẹ béèrè ohun méjì: aago mélòó ni blackjack ń ṣí ní ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ṣé 3 to 2 ni? Bí ẹni tó gbé fóònù kò bá mọ ìkejì, kó gbé e fún ẹni tó wà ní tábìlì.

Nọ́ọ̀sìÀgbà
Bó bá jẹ́ Cripple Creek, Denver tàbí Colorado Springs ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sùn sí, ẹ má lọ tààrà láti pápákọ̀ òfurufú. Pikes Peak, ẹ fi í sí ìgbẹ̀yìn.

ArókèGùn
Kẹ́ ẹ sì gba ti àárọ̀. Lọ́sàn-án ni àrá àti òjò dídì sábà máa ń wá bá èèyàn lórí òkè yẹn. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kódà bí oòrùn bá ń mú ní ìsàlẹ̀.

OríÒkèNiTèmi
Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè báyìí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí àyè wà nínú rẹ̀, ọjọ́rú.

ArìnKáyé
Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kẹ̀?! Ìyẹn ni pé aago mélòó la máa kúrò ní Cripple Creek?

OríÒkèNiTèmi
Kí ilẹ̀ tó mọ́.

ArìnKáyé
Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Inú ìlú kasínò la máa wà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

OríÒkèNiTèmi
Aago mẹ́sàn-án lẹ máa sùn.

Kòlówótẹ́tẹ́
Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa o 😄